Àwọn Òkú Tí Kò Sí Nínú Ìwé Ááfà

Ojúlé Kẹtàlá,
Ẹ̀yìn Táíwò Road,
Ìlọrin,
Ìpínlẹ̀ Kwara.
Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Bilkisu, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan o. Ṣé dáadáa ni ìwé yìí bá yín ní Kàdúná? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti lọ sílẹ̀? Ìdánwò rẹ tó ń bọ̀ ńkọ́, ṣé ìwé ń wọ orí? Huda, ọmọ rẹ tí mo sọ di tèmi, ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń gé gbogbo èèyàn jẹ? Ara tèmi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àwọn ọmọ iléèwé mi ò sì tíì pa mí. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀, mi ò ní fi pamọ́ fún ọ.

Mo mọ̀ pé wàá máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti pè ọ́ lórí ọ̀rọ̀ kan náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Lákọ̀ọ́kọ́, mo kígbe pé ikú ti wọ agbo-ilé yín ní Gàmbàrí, kí o má gbé Huda wá. Lẹ́ẹ̀kejì, mo ní kí o foríjì mí, àṣìṣe ni. O rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà ọ́, o ní ìṣirò ni yóò dà mí lórí rú. Bí mo bá tún pè, ẹ̀rín náà ni wàá rín. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, kí o lè fara balẹ̀ kà á.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìtìjú mi wà. O mọ̀ pé mo máa ń yà kí Màámà yín ní ọjọọjọ́ Jímọ̀. Láti oṣù keje ni gbogbo ẹni tí mo bá bá lẹ́nu ọ̀nà ti ń sọ pé ikú pọ̀ lọ́dún yìí. Èmi tíṣà ìṣirò, mo ní ṣebí ọdọọdún ni wọ́n ń wí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́, kó ka iye tó ń kú tẹ́lẹ̀, kó fi wé ti ìsinsìnyí, oṣù kan náà sí oṣù kan náà. Èyí tó bá lé ni àpọ̀jù. Ni mo bá tọrọ ìwé tí Ááfà Àbdùlkàrímù máa ń kọ fìdáù àwọn òkú agbo-ilé sí. Láti oṣù kìíní dé ìparí oṣù kẹsàn-án, mẹ́tàlá ni mo kà ní 2022, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní 2023, mẹ́rìnlá ní 2024. Lọ́dún yìí, mọ́kàndínlógójì! Kó tó di ìrọ̀lẹ́, mo ti sọ fún Màámà, mo ti pè ọ́, ayálégbé kan sì ti ń di ẹrù.

Àṣé èmi ọmọ Ọ̀mù-Àrán, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò mọ̀ pé fìdáù ọjọ́ mẹ́ta wà, ti ọjọ́ mẹ́jọ wà, ti ogójì ọjọ́ náà sì wà. Tẹ́lẹ̀, ti ọjọ́ mẹ́jọ nìkan ni Ááfà máa ń kọ. Ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé ogójì ọjọ́ bàbá kan, àwọn ọmọ bàbá náà sì bá wọn fa wàhálà, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ lọ́dún yìí lọ́jọ́ tí èèyàn bá ti kú. Ìlà ni mo kà, mi ò wo orúkọ; òkú kan ṣoṣo ni mo ń pa lẹ́ẹ̀mẹta! Mọ́kàndínlógójì di mẹ́tàlá, bó ṣe máa ń rí. Ááfà ní àwọn ò rí ẹni tó kú lẹ́ẹ̀mẹta rí àfi lọ́wọ́ tíṣà. Gbogbo agbo-ilé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, inú mi sì dùn sí yẹ̀yẹ́ náà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo ra ọsàn dání lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Màámà. Màmá Ládi, tí wọ́n ń wẹ òkú obìnrin àti ti ọmọdé, wà níbẹ̀. Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín, àwọn nìkan ni ò rín. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Fọlákẹ́, a kì í ṣe fìdáù fún ọmọ kékeré nílé yìí. Ta ló wá ka tiwọn?"

Wọn ò mọ̀wé kọ, ṣùgbọ́n wọ́n fi ìka ka àwọn ìyá ọmọ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní bóyá wọ́n ti gbàgbé ti àtijọ́, tó fi jẹ́ pé ti ọdún yìí ló wà lọ́kàn wọn jù. Mi ò fẹ́ ṣe àṣìṣe mìíràn. Mo bá gba ìwé ìsọmọlórúkọ lọ́wọ́ Ááfà, mo ń lọ láti yàrá dé yàrá fún ọjọ́ mẹ́ta, mo ń pe orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, mo ń bi ìyá rẹ̀ pé níbo ló wà. Bilkisu, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n rán ọ ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan nawọ́ sí ọmọ tó ń ṣeré nílẹ̀. Àwọn kan kàn ń wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi. Ìyá kan ní kí n tún orúkọ náà pè, ó ti pẹ́ tí òun ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Mo pè é, mo sì jáde síta lọ sunkún.

Iye rẹ̀ nìyí. Nínú àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta, láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹsàn-án, mẹ́ta kú ní 2022, méjì ní 2023, mẹ́ta ní 2024. Lọ́dún yìí, mẹ́sàn-án, méje nínú wọn láti ìgbà tí òjò ti le ní oṣù keje. Ọmọ tí wọ́n ń bí kò sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ká ní ọdún yìí rí bí àwọn tó kù ni, mẹ́fà nínú wọn ì bá ṣì máa sáré kiri. Mi ò mọ ohun tó ń pa wọ́n. Àwọn ìyá kan ní ìgbẹ́ gbuuru ni, àwọn kan ní ibà ni. Mo ti kó iye náà lọ fún àwọn elétò ìlera, wọ́n ní àwọn á wá yẹ omi kànga wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo bẹ Màámà pé kí wọ́n máa se omi kí wọ́n tó mu ún; wọ́n ní omi kànga yẹn náà ni àwọn fi tọ́ ìwọ náà dàgbà.

Ṣùgbọ́n ní Sátidé ni Abdulfattah àbúrò rẹ ń kúrò ní Kàdúná, Màámà sì ti ní kó gbé Huda bọ̀, kó lè wà lọ́dọ̀ àwọn títí wàá fi ṣe ìdánwò tán. Wọ́n ti tẹ́ ibùsùn rẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́, má gbé e fún un. Bí ìdánwò bá máa fi ọ́ sílẹ̀, kó fi ọ́ sílẹ̀, ti ọdún mìíràn ń bọ̀. Bí kò bá sì sí ẹni tí yóò bá ọ mójú tó o, èmi á gba ààyè níléèwé, màá wá. Màámà á bínú sí mi, mo ti gbà á bẹ́ẹ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ. Kí ìyá tó ń gbé lókè yín náà, sọ fún wọn pé mi ò gbàgbé kúlíkúlí wọn.

Ó ku ọ̀kan, òun ló sì le jù láti kọ. Abdulfattah tó gbé lẹ́tà yìí wá, má bi í pé báwo ni ọmọ tí Hamidat ìyàwó rẹ̀ bí lọ́dún tó kọjá. Alhamdulilahi ni yóò sọ. Ohun tí Màámà ní kó máa sọ nìyẹn, kí ọkàn rẹ má bàa dàrú kí o tó jókòó sí ìdánwò. Èmi pàápàá ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, àfìgbà tí mo ń ka àwọn ọmọ. Wọ́n ní Hamidat gbé e lọ kí ìyá rẹ̀ ni. Ọmọ yẹn ni ìkẹsàn-án, Bilkisu. Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án ló kú. Abdulfattah wá bá mi nílé lánàá, ó ní òun ò lè sọ fún Màámà pé òun ò ní gbé Huda bọ̀, òun ò sì lè gbé e wọnú ilé yẹn. Òun ló ní kí n bá òun kọ ọ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ń retí ìdáhùn rẹ,
Fọlákẹ́