Ẹni Tó Dàgbà Jù Ni Kí O Kọ́kọ́ Kí

Ọjọ́ Ajé, 3 Máàṣì 2014
Ṣàléwá ọmọ mi ló ń kọ ọ́, èmi ni mò ń sọ. Mo tún bá Hólà lọ sí kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì ní Thamesmead. Kòlóńbíà ló ti wá, ògiri kan ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti tiwa. Bó ṣe máa ń kí ènìyàn ni mo fi sọ ọ́ lórúkọ. Sípáníìṣì ni gbogbo wọn ń sọ níbẹ̀. Èmi? Tíì àti bísíkíìtì ni mo bá lọ.

"Old" ni Kenneth, tíṣà wọn, kọ́ wọn lónìí. Bàtà tó ti gbó — old. Ọ̀rẹ́ ọjọ́ pípẹ́ — old, bí kò tilẹ̀ tíì pé ogún ọdún. Ṣùgbọ́n ẹ má pe ènìyàn bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ o, èébú ni. Hólà ní ní ìlú àwọn, "arúgbó mi" ni ọmọ fi ń kẹ́ ìyá rẹ̀. Mo ní èmi gbàdúrà kí n tó dàgbà tó báyìí, ẹ máa pè mí bẹ́ẹ̀ fàlàlà! Kenneth ní, "Lovely, Mama." Gbogbo nǹkan ni lovely lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́rú, 5 Máàṣì
Ọ̀la ni Hólà ń lọ fún intafíù ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Plumstead. Bí wọn kò bá gbà á, ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Sheffield ni yóò kó lọ. Ta ni yóò wá máa gé èékánná ẹsẹ̀ mi? Ti Ṣàléwá, ẹran ara ló ń gé mọ́ ọn.

Mo kọ́ ọ: bí o bá wọlé, ẹni tó dàgbà jù ni kí o kọ́kọ́ kí. Kúnlẹ̀ díẹ̀. Sọ fún un pé ó ti dàgbà gan-an, inú rẹ̀ yóò dùn. Ṣàléwá figbe ta: "Màámi, ẹ máa ba iṣẹ́ obìnrin yìí jẹ́!" — Kọ ọ́, má bá mi jiyàn.

Ọjọ́bọ̀, 6 Máàṣì
Hólà kò tíì dé. Mo yọjú lójú fèrèsé títí ọrùn fi ń ro mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Máàṣì
Ó dé o. Ó ní bí òun ṣe wọlé, òun rí ìyá òyìnbó kan lórí àga, orí rẹ̀ funfun báláú. Ó kúnlẹ̀: "Good morning, Ma. You are very old."

Ọ̀gá ibẹ̀ ni!

Hólà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: ìyá Nàìjíríà kan, aládùúgbò òun, ló kọ́ òun, ó ní iyì ni. Ọ̀gá wò ó, wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní láti ìgbà tí òun ti jáwọ́ nínú kíkun irun, ńṣe ni gbogbo ènìyàn ń ṣe bí ẹni tí kò rí ewú orí òun.

Wọ́n gbà á. Ọjọ́ Ajé ni yóò bẹ̀rẹ̀. Mo ti na ẹsẹ̀ fún un, ó ti gé ọ̀tún tán, kó tó jẹ́ iṣẹ́ tí ọ̀gá rán an: yàrá kan ṣófo níbẹ̀, kí ìyá Nàìjíríà yẹn wá wò ó bóyá yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Mo fa ẹsẹ̀ mi padà. Kí èmi wá gbé ilé arúgbó? Ta ni obìnrin yẹn ń pè ní old?

Ṣàléwá ń rẹ́rìn-ín ju kó kọ̀wé lọ. Èékánná ẹsẹ̀ òsì ṣì wà bẹ́ẹ̀.