Ibi Tí Katakata Ti Yí

Èmi Akínbíyìí, tí mo ń bá àwọn ènìyàn kọ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Dùgbẹ̀, ni mo kọ lẹ́tà yìí. Bàbá Gàfárù ni wọ́n ń sọ ọ́ jáde. Wọn kò mọ̀wé. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí ọmọ àwọn bá àwọn kọ ọ́, nítorí yóò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọ̀. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ bí ó ti ń ti ẹnu àwọn jáde.

                                        Ojúlé Kẹrìnlá, Ẹ̀yìn Ọjà,
                                        Ẹlẹ́yẹlé,
                                        Ìbàdàn.
                                        Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù karùn-ún, ọdún 2025.

Mánsúrù, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

O kú iṣẹ́, o kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé òjò ti ń rọ̀ dáadáa ní Ṣakí? Ṣé orúnkún ìyàwó wa, Mùsílímátù, ti fúyẹ́? Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ tí o ní ó ń já òwú ńkọ́, ṣé ó ti gbọ́ràn? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà láàyè níbí, a dúpẹ́ fún Ọlọ́run. Ìyá Suraju ṣì ń ta ata rẹ̀ ní Bódìjà. Ojú mi ọ̀tún ti ń ṣú díẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ mi ni mo fi ń rìn lọ sóko.

Mo mọ̀ pé ìkíni mi ti gùn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ burúkú wà lẹ́nu rẹ̀ kì í tètè kí ènìyàn tán. Ìgbà méjì ni mo pè ọ́ lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. O gbé e, mo bèèrè òjò, mo bèèrè orúnkún, mo sì pa á. Ìdí nìyí tí mo fi wọ ọkọ̀ wá sí Dùgbẹ̀ lónìí, kí ẹlòmíràn lè bá mi gbé e sórí ìwé.

Ọ̀rọ̀ náà kan Nùsírátù, ọmọ rẹ tó kú ní ọmọ ọdún kan ààbọ̀, tí èmi àti bàbá Kàmọ́rù gbé lọ sin sí oko bàbá wa ní ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn. A kì í fi sàréè ọmọ han òbí rẹ̀. Ìwọ àti ìyá rẹ̀ jókòó sílé, àwa méjèèjì lọ, a sì padà. O dì mí lọ́wọ́ mú lẹ́nu ọ̀nà, o ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní bi yín níbi tó wà. Ẹ ṣáà máa bá mi mójú tó o." Mo ní ó parí. Láti ìgbà tí bàbá Kàmọ́rù ti kú, ó ku èmi nìkan tí mo mọ ibẹ̀: ìṣísẹ̀ méje sí ìdí igi kajú, ní apá ibi tí oòrùn ti ń yọ. Mo gbin pèrègún kan sórí rẹ̀. Lọ́dọọdún, tí mo bá ń kọ ebè, mo máa ń yẹ ibẹ̀ sílẹ̀, ọwọ́ mi ni mo sì fi ń fa koríko rẹ̀.

O mọ bí oko náà ti rí báyìí. Ilé ti yí i ká. Ògiri Alhaji kan wà ní apá kan, gọ́tà tó ń ṣàn lọ sínú adágún omi wà ní apá kejì, oko bàbá wa wá ṣe tóóró láàárín wọn bí ahọ́n. Apá mi kò ká ọkọ́ mọ́ lọ́dún yìí, mo wá ní n ó háyà katakata. Surajudeen ọmọ mi mú mi lọ sí ọgbà kan lọ́nà Rìngì Róòdù tí wọ́n ti ń fi wọ́n háyà. Méjì ló wà nílẹ̀ níbẹ̀. Wọn kì í ṣe irú àwọn ràgàjì tí a máa ń rí ní oko ìjọba, àmọ́ ọ̀kan ju èkejì lọ dáadáa. Kékeré náà kò ga ju àyà mi. Awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Ṣàkírù gùn ún, ó wà á wọ àárín ọkọ̀ méjì tó wà ní ìdúró, ó lọ́ sítíárìn, ó yípo bí ewúrẹ́ tó fẹ́ jókòó, ó sì jáde láìfi ẹ̀yìn rìn rárá. Ó wá gun èyí tó tóbi. Ó wọ àárín ọkọ̀ méjèèjì, ó lọ síwájú, ó padà sẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin gbáko, kí ó tó lè kọjú síbi tó ti wá.

Ó ní, "Bàbá, èyí lágbára o, àmọ́ ìyàwó olówó ni. Kí ó tó yíjú sí yín, ó ti rẹ̀ yín."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Surajudeen ní ká gbé kékeré. Ìyá Suraju náà ní ká gbé kékeré. Mo ní ṣé èmi ọmọ Bùsàrí àgbẹ̀ ni n ó gbé ohun ìṣeré wọ oko bàbá mi? Ìwọ náà rántí pé bàbá wa kì í fi ọkọ́ kékeré kọ ebè. Bí wọ́n bá rí i lọ́wọ́ ẹnì kan, wọ́n á bi í pé ṣé òkú adìyẹ ló fẹ́ sin. Mánsúrù, ojú mi rí bí ẹ̀rọ méjèèjì ṣe yí. Orí mi ni kò gbà á.

Kí èyí tó tóbi lè rí ààyè, mo ní kí wọ́n gé igi kajú. Wọ́n gé e ní Ọjọ́rú, wọ́n sì hú kùkùté rẹ̀. Ìyá Suraju bi mí pé, "Bàbá Suraju, ṣé kì í ṣe igi yẹn lẹ fi ń ṣe àmì?" Mo ní pèrègún ṣì wà níbẹ̀. Mo ní kí ó lọ máa tọ́jú ata rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, Ṣàkírù gbé katakata dé. Ó túlẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà títí dé òpin, ilẹ̀ ń là, inú mi ń dùn. Ibẹ̀ ló ti dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ wọn àárín ògiri àti gọ́tà.

Ó ní, "Bàbá, ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlá péré nìyí. Kékeré ì bá yí nínú mẹ́wàá. Èyí ń fẹ́ ogún. Ẹ jẹ́ kí n lọ pààrọ̀ rẹ̀, n ó ti dé kí oòrùn tó kan àtàrí."

Mo ní, "Oko rẹ ni àbí oko mi?"

Ó ní, "Oko yín ni, Bàbá."

Mo ní, "Yí i."

Mo lọ dúró níwájú pèrègún tó wà ní òpin oko níbẹ̀, mo na ọwọ́ mi méjèèjì, kí táyà má baà dé ibẹ̀. Táyà iwájú kọjá, kò kàn án. Mo ti ń wí lọ́kàn mi pé ṣebí mo sọ bẹ́ẹ̀. N kò mọ̀ pé bí orí rẹ̀ bá kọjú sí ọ̀nà kan, irin ìtúlẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò gbọ̀n lọ sí ọ̀nà kejì. Irin náà ń bọ̀, èmi fò kúrò. Pèrègún kò lè fò. Irin gbá a lọ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Mo kígbe. Ṣàkírù fẹ́ fi ẹ̀yìn rìn kúrò níbẹ̀, táyà ńlá rì sínú ilẹ̀ tí òjò ti rin. Ó lọ síwájú, ó padà sẹ́yìn, ó ń yí, ó ń yí. Nígbà tó fi máa jáde, ẹrẹ̀ ni gbogbo ibẹ̀, ó ṣe róbótó, ó fẹ̀ tó ilẹ̀ ilé kan.

Mo ka ìṣísẹ̀ méje. Láti ibo? Katakata ti tẹ ihò kùkùté kajú dí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ibi mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó gbé mi dé.

Ṣàkírù gbé pèrègún tó ti ya wá bá mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, pèrègún kì í kú. Ẹ tún un gbìn síbi tó bá wù yín." Nígbà tí mo sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún un, ó jókòó sínú ẹrẹ̀.

Ìyàwó wa pe Ìyá Suraju níbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí. Ó ní, "Ìyálé mi, tí a bá dé ní Iléyá, ẹ bá mi bẹ Bàbá kí wọ́n fi ibẹ̀ hàn mí. Mo ti dàgbà kọjá èèwọ̀ yẹn. Mo kàn fẹ́ jókòó tì í díẹ̀ ni." Mo ti pinnu pé n ó fi hàn án. Mo ti pinnu bẹ́ẹ̀ kí n tó gé igi.

N kò ní fi ohunkóhun pamọ́ fún ọ. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo mú ẹ̀ka pèrègún kan, mo lọ gún un sí ibì kan. Mo rò ó pé ta ni yóò mọ̀? Mùsílímátù yóò jókòó tì í, ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀. Mo kọ́kọ́ jókòó tì í fúnra mi, kí n dán an wò. Ilẹ̀ lásán ni. Mo fà á tu. Alágídí ni mí, gbogbo ayé ló mọ̀, ṣùgbọ́n agídí mi kò tó èyí tí ìyá ọmọ yóò fi máa sunkún sórí ilẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ kò sí. Akínbíyìí ti dáwọ́ ìkọ̀wé dúró báyìí. Mo ní kí ó máa kọ ọ́ lọ.

Ẹ̀bẹ̀ tí n ó bẹ̀ ọ́ kò lè tó. Bí o bá wá, tí o kò kí mi, mo gbà. Bí o bá ní o kò wá mọ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ìyàwó wa wá. Bá mi kí àwọn ọmọ, kí o sì bá mi kí ará ilé rẹ gbogbo.

Sọ fún Mùsílímátù pé ohun kan ṣoṣo tó kù tí mo lè fi hàn án ni ibi tí katakata ti yí. Inú róbótó yẹn ló wà, ìyẹn dá mi lójú. Mo ti gé pèrègún tó ya náà sí wẹ́wẹ́, mo sì ti gbìn ín yí gbogbo ibẹ̀ ká. Ẹ̀gẹ́ kò ní wọ ibẹ̀ mọ́ láéláé. Mo mọ̀ pé ó tóbi jù fún ọmọ ọdún kan ààbọ̀. Kí ó máa ṣeré nínú rẹ̀.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò gbọ́ràn,

Gàfárù Bùsàrí
Àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ ló tẹ̀ síbí.

Àwọn ẹlẹ́rìí tó bá wọn wá sí Dùgbẹ̀:
Àbẹ̀ḿbí, Ìyá Suraju, ìyàwó rẹ̀.
Ṣàkírù, awakọ̀ katakata.