Bàbá Kẹ́yìnsọ́nà, Agbẹ́-òkúta Pápá Ogun Àtijọ́

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí Bàbá wa papò dà, akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìlú gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó ń pè láti ìta pé, "Bàbá, ẹ jáde wá gbọ́ o. Ìgbìmọ̀ ti gbà fún yín." Ìgbà tó rí àga tí a tò síta ni ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ìròyìn tí Bàbá ti ń retí láti ìgbà pípẹ́ fi ọjọ́ kan pẹ́. Kí a tó sọ ohun tó jẹ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ẹni tí Bàbá jẹ́.

A bí olóògbé ní ọdún 1941, nínú ilé kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí pápá tí ìlú méjì ti bára wọn jagun láyé àtijọ́. Baba wọn ń fọ́ òkúta fún àwọn tó ń kọ́lé, ìyá wọn ń ránṣọ. Bàbá ni àbíkẹ́yìn, àwọn ẹ̀gbọ́n wọn sì máa ń sọ pé Bàbá ló jogún ẹnu gbogbo ilé.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ní 1948, wọ́n sì jáde ní 1955. Olùkọ́ ní ìkọ̀wé wọn dára, àmọ́ ìgbín yára jù wọ́n lọ. Baba wọn kò bínú. Ó fi ṣísẹ́lì àti òòlù lé wọn lọ́wọ́, ó ní, "Òkúta náà kì í kánjú. Ẹ̀yin méjèèjì á gbọ́ ara yín yé."

Ní ọdún 1967, ìgbìmọ̀ ìlú ní kí Bàbá gbẹ́ òkúta ìrántí àkọ́kọ́ sí pápá náà, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó kú ní ìhà méjèèjì sí i. Òwúrọ̀ tí wọ́n rì í mọ́lẹ̀, kùrukùru bolẹ̀ débi pé ènìyàn ò rí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tí oòrùn yóò fi yọ, sìmẹ́ńtì ti gan, òkúta ti kẹ́yìn sí ọ̀nà, ó kọjú sí pápá gbalasa. Gbogbo ìlú fi rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn ni orúkọ Kẹ́yìnsọ́nà lẹ̀ mọ́ Bàbá ju sìmẹ́ńtì lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ti ìlú kejì bọ̀, àárín pápá ló yẹ kó gbà. Láti ìgbà ogun, kò sí ẹni tó ń gbà á. Ọmọbìnrin alágbẹ̀dẹ kan ní ìlú ọ̀hún ló rí ojú òkúta lókèèrè bí ẹni pé ó ń wo òun, ó bá rìn wá kà á. Ó rí orúkọ baba ńlá rẹ̀ níbẹ̀. Ó wá bi Bàbá tí wọ́n ń gbálẹ̀ nídìí òkúta pé, "Ṣé àwa lẹ kọ eléyìí sí ni, àbí àwọn ará ilé yín?"

"Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín."

"Èmi ni mo kọ́kọ́ dé."

"Mo rí i. Mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ kùrukùru."

Wọ́n ṣègbéyàwó ní 1969. Títí dòní, Ìyá Àgbà ní ọkọ àwọn nìkan ló ṣi òkúta gbé tó sì rí ìyàwó he.

Láti ìgbà náà, gbogbo òkúta ìrántí tí Bàbá tún gbẹ́ síbẹ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọjú wọn sí pápá ni. Alága ìgbìmọ̀ tó bá dé ló ń fẹ́ yí wọn padà, nítorí àwọn tó ń fi ọkọ̀ kọjá rò pé òkúta lásán ni. Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bàbá a fún alága ní àga àti omi tútù, wọn a ní, "Ọ̀rọ̀ yín dáa. Àmọ́ bí mo bá yí i, mo kẹ́yìn sí àwọn àna mi nìyẹn. Ṣé ẹ̀yin lẹ ó bá mi sọ fún ìyàwó mi?" Kò sí alága tó gbà láti jẹ́ iṣẹ́ yẹn. Bí awakọ̀ bá dúró, Bàbá a dìde lórí àpótí ìjókòó wọn: "Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ yí i ká. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ yìí ò kánjú, kí lẹ̀yin ń lé?" Wọn a wá máa ka àwọn orúkọ náà bí ẹni ń kí ará àdúgbò.

Bàbá kì í pa ilé ìjọsìn jẹ. Ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni tiwọn. Wọ́n ní ibẹ̀ ni àwọn ti ń rí ẹni tó ń sùn.

Láti ọdún 2019 tí ẹsẹ̀ ti ń dùn wọ́n, ọmọ-ọmọ wọn tí a ń pè ní Aláàlá ló ń bá wọn lọ sí pápá. Aláàlá a fẹ̀yìn ti òkúta, a máa ka ìwé ìtàn tó yá. Bàbá a ní, "Ṣé ẹni tó yá ọ níwèé mọ̀ pé òkúta mi lo fi ṣe ìrọ̀rí?" Bí àlejò bá dé, Aláàlá a fi ewé sójú ìwé, a mú àlejò yí òkúta ká. Lọ́dún yìí ó ríṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní ìlú ńlá. Bàbá fúnra wọn ló ra báàgì tí yóò gbé lọ.

Ìròyìn tó pẹ́ náà nìyí: ìgbìmọ̀ gbà kí àwọn òkúta wà bí wọ́n ṣe wà, bí ẹnì kan nínú ilé Bàbá bá ń jókòó níbẹ̀ láti mú àlejò yí wọn ká. Bí kò bá sí, wọn yóò yí wọn sọ́nà. Nígbà tí akọ̀wé sọ ọ́ tán, gbogbo wa ń wo ilẹ̀, ń wo àjà. Kò sẹ́ni tó wo Aláàlá. Kò sì sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́.

Bàbá fi Ìyá Àgbà sílẹ̀ sáyé, àti ọmọ mẹ́rin: káfíńtà, nọ́ọ̀sì, awakọ̀ àti olùkọ́, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ àti ọmọ-ọmọ-ọmọ, àti àwọn àna tí wọ́n gba àárín pápá wá bá wa sìnkú lónìí.

Ẹ sùn ire, Kẹ́yìnsọ́nà. Kí ilẹ̀ tí ẹ gbá mọ́ fún àwọn ẹlòmíràn tù yín lára. Òkúta tiyín náà yóò kọjú sí pápá. Aláàlá ní kí a fi ọ̀rọ̀ tòun parí rẹ̀:

Bàbá, mi ò lọ mọ́. Mo ti tú ẹrù inú báàgì. Ní Ọjọ́ Ajé, èmi ni n ó jókòó sórí àpótí yín.