Èmi Ni Mo Fẹjọ́ Ilé Iṣẹ́ Yín Sun Ìjọba

Agboolé Fábíyìí,
Ìpara Rẹ́mọ.

Adéyọ̀sọ́lá ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà, ṣé ara ọkọ àti àwọn ọmọ le? Àwa náà wà, ọpẹ́ ni fún Ọba òkè. Òjò ti dé, ewúrẹ́ rẹ sì ti bí méjì, àwọn méjèèjì fi agídí jọ ọ́.

Tawfiq awakọ̀ jíṣẹ́ rẹ. O ní ẹnì kan níhìn-ín fẹjọ́ ilé iṣẹ́ tí o ti ń ṣe alábòójútó òṣìṣẹ́ ní Èkó sun ìjọba, ọ̀gá rẹ sì ní kí o wá onítọ̀hún rí, kí n bá ọ fọgbọ́n wádìí. Mo ti wádìí. Èmi ni.

Ta ni ì bá tún jẹ́? Lásúnkànmí ọmọ àbúrò mi, tí ìwọ fúnra rẹ pọ̀n dàgbà, ẹ̀rọ ẹ̀ka ilé iṣẹ́ yín tó wà ní Ògijo gé àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ jábọ́, ẹ ní kò sí owó fún un nítorí kásúà lásán ni, òṣìṣẹ́ ojúmọ́ tí kò ní ìwé iṣẹ́. Ṣé ẹ̀jẹ̀ kì í jáde lára kásúà ni? Nígbà tí a wá gba fọ́ọ̀mù tí a ó fi béèrè owó náà, akọ̀wé yín ní àtàǹpàkò ọ̀tún ni kí ó fi tẹ̀ka, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ò ní gbà á. Mo ní inú ẹ̀rọ yín ló wà, kí wọ́n gbé fọ́ọ̀mù lọ bá a níbẹ̀. Ẹ wá fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá, ẹ ń wá ẹni tó sọ̀rọ̀!

Mo pe nọ́ńbà ìjọba tí wọ́n ń kà lórí rédíò. Obìnrin kan gbé e, mo kí i títí, kò dáhùn, ó kàn ń pàṣẹ pé kí n tẹ oókan, kí n tẹ eéjì, ó jọ pé wọn ò kọ́ ọ nílé. Ọkùnrin tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ló mọ èèyàn. Ó ní òfin ti sọ ọ́, kásúà o, ọ̀gá o, ẹni tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba owó rẹ̀. Ó ní òfin bo èmi náà, ẹnikẹ́ni kò ní í gbọ́ orúkọ mi. Inú mi dùn, mo kéde rẹ̀ nípàdé àwọn ìyá ìjọ, kí gbogbo wọn lè mọ̀ pé àṣírí ni, wọ́n sì pàtẹ́wọ́.

Nítorí náà, kọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ: Kòfowórọlá Fábíyìí, Ìpara. Bí o kò bá lè kọ ọ́, màá wá sí ọ́fíìsì yín wá kọ ọ́ fúnra mi. N kò bẹ̀rù ẹnì kankan.

Jọ̀wọ́, fi káàdì fóònù ránṣẹ́, nítorí ìjọba máa ń kọrin fún mi pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, orin náà sì ń jẹ owó. Fi owó oògùn Lásúnkànmí kún un, láti inú àpò tìrẹ.

Olúwa yóò gbé ọ ga lẹ́nu iṣẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n kò ní í gbé ọ ga débi tí wàá wo ọwọ́ Lásúnkànmí, tí wàá sì pè é ní kásúà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.