“Ó Dára” Tí Gálírì Wa Dúró Lé

Ọjọ́ Àìkú, 2 Oṣù Kọkànlá 2025

Gálírì ti parí. Kíákíá kéde rẹ̀ lẹ́yìn ìwàásù: ní ọjọ́ ìkórè, ọ̀sẹ̀ méjì sí òní, ẹgbẹ́ akọrin yóò gòkè, ogójì èèyàn, wọn yóò máa kọrin sí wa lórí bí áńgẹ́lì. Ìjọ pàtẹ́wọ́. (Pásítọ̀ Olúgbénró ni Kíákíá. Kò sí ohun tí kò fẹ́ kíákíá, àfi ìparí ìwàásù tirẹ̀.)

Ilé ìkẹ́rùsí ni ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Oregun yìí tẹ́lẹ̀, bísíkíìtì ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Òrùlé ga, òkè ṣófo, ìyẹn ló bí èrò gálírì. Òpó irin mẹ́fà, pákó lórí irin, àtẹ̀gùn kan. Wẹ́dà kan tí wọ́n mú wá láti Ìlúpéjú ló ṣe é, ọjọ́ mọ́kànlá péré. Mo kà á.

Tẹjú, àbúrò mi, kò lè jókòó. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń kọrin lẹ́yìn òpó kan tó bo ojú rẹ̀. Ó ní lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo ìjọ ni yóò rí eyín òun.

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá

Òjò. Òórùn bísíkíìtì àtijọ́ gba gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì, àwa sì wà nínú ààwẹ̀. Ọlọ́run mọ̀ wá.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kọkànlá

Ìpàdé ìgbìmọ̀. Èèyàn mẹ́sàn-án. Mo béèrè — akọ̀wé ni mí, n kò fẹ́ràn àlàfo — pé ta ló ti yẹ gálírì náà wò?

Mo-ti-bá-wọn-sọ̀rọ̀ dìde. (Alàgbà Ọláwọlé, alága ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́. Ohunkóhun tí o bá béèrè, wọ́n ti bá wọn sọ̀rọ̀.) Wọ́n ní àwọn ti pe Pùròfẹ́sọ̀ lórí fóònù. Mo ní, kí ni Pùròfẹ́sọ̀ wí?

“Wọ́n ní ó dára.”

Pùròfẹ́sọ̀ Oyèbọ́lá nìkan ni ọmọ ìjọ wa tó mọ̀ nípa ilé kíkọ́ débi tí wọ́n fi ń fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e kiri. Bí orúkọ rẹ̀ ti jáde, gbogbo ìgbìmọ̀ mí kanlẹ̀. Ìyá Ìjọ ní ògo ni fún Ọlọ́run. Kò sí ẹni tó béèrè nǹkan mìíràn. Èmi náà kò béèrè. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé: *Pùròfẹ́sọ̀ Oyèbọ́lá jẹ́rìí sí i pé gálírì náà dára.* A ṣe oore-ọ̀fẹ́ ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kọkànlá

Wahab, wẹ́dà àdúgbò wa, wá jó irin ìdìmú sí ara àtẹ̀gùn. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òpópónà kejì sí wa. Ọmọ Agége, mùsùlùmí, kò tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ẹnu rẹ̀ mú ju irinṣẹ́ rẹ̀ lọ. Èmi ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, mo dúró tì í.

Ó fi sípánà kan òpó àárín. Ó tún un kàn. Ó wò mí.

“Màmá, ta ló jó èyí?”

Mo ní a kò mọ orúkọ rẹ̀.

“Irin yìí ò lẹ́ran. Awọ lásán ni. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún, bí agolo mílíìkì. Wọ́n tún wá kun ọ̀dà sójú ibi tí wọ́n ti jó o, kẹ́ ẹ má baà rí i pé iná ò wọlé.”

Mo ní Pùròfẹ́sọ̀ ní ó dára.

“Pùròfẹ́sọ̀ wá síbí?”

Mo ní lórí fóònù ni.

“Tóò. Ẹ bá mi kí wọn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìyá tèmi ló ń kọrin, ìsàlẹ̀ ni màá ní kí wọ́n dúró.”

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kọkànlá

Mo sọ fún Kíákíá lẹ́yìn ìsìn. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi bí ẹni ń tu opó nínú.

“Màmá Akọ̀wé, ẹ̀yin náà! Wẹ́dà àti pùròfẹ́sọ̀, ta la fẹ́ gbà gbọ́?”

Mo-ti-bá-wọn-sọ̀rọ̀ ní Wahab ń wáṣẹ́ ni, inú ń bí i pé a kò gbé gálírì fún un. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn kò sọ pé irin náà nípọn.

“Ìgbàgbọ́, Màmá,” ni Kíákíá wí. “Ìgbàgbọ́.”

Nínú ta? Orúkọ Jésù ni wọ́n fi rì mí bọmi, kì í ṣe orúkọ Oyèbọ́lá.

Tẹjú kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé ilé. Nígbà tó yá, ó yọjú sí yàrá mi: “Àǹtí mi Tọ́másì. Ẹ kú iṣẹ́ o.”

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kọkànlá

Mo ka ìtàn Pọ́ọ̀lù nínú ọkọ̀ ojú omi. Ó ní kí wọ́n má ṣíkọ̀. Balógun ọ̀rún gbọ́ ti atukọ̀ àti ti ọlọ́kọ̀. Kí n sọ òótọ́: èmi náà ì bá gbọ́ ti atukọ̀. Atukọ̀ ló mọ òkun. Ẹlẹ́wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù, àgọ́ ló ń rán. Ọkọ̀ náà sì fọ́.

N kò sọ pé Ẹ̀mí Mímọ́ bá Wahab sọ̀rọ̀. Sípánà ló fi kan irin. Ṣùgbọ́n tiwa tilẹ̀ burú ju ti balógun yẹn lọ: atukọ̀ tirẹ̀ ti fojú rí òkun.

Àwọn ará Bèríà ńkọ́? Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò lójoojúmọ́, a sì yìn wọ́n fún un. Nínú ìgbìmọ̀ wa, aláìgbàgbọ́ ni wọn ì bá pè wọ́n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kọkànlá

Mo pe Pùròfẹ́sọ̀. Kánádà ni wọ́n wà, lọ́dọ̀ ọmọ wọn, títí di oṣù Kejìlá. Mo béèrè ohun tí wọ́n rí lára gálírì.

“Gálírì wo?”

Mo ní èyí tí ẹ sọ fún Alàgbà pé ó dára.

Wọ́n ní: “Màmá, ẹ jẹ́ n rántí. Alàgbà pè mí nígbà tí mo wà lórí ìlà ní pápákọ̀ òfuurufú. Wọ́n ní, Pùròfẹ́sọ̀, a ti parí gálírì o, ọjọ́ ìkórè la máa lò ó. Mo ní, ó dára. Tí mo bá sọ fún yín báyìí pé mò ń lọ sí Ìkẹjà, kí lẹ máa sọ?”

Mo ní, “Ó dára.”

“Ṣé ẹ ti yẹ Ìkẹjà wò nìyẹn?”

“Ó dára” tó túmọ̀ sí *mo ti gbọ́*. Òun la fẹ́ gbé ogójì èèyàn lé.

Inú bí wọn, ó sì tọ́. Wọn kò rí irin kan, wọn kò rí àwòrán kan. Wọ́n béèrè bóyá ẹnìkan tó mọ irin ti fojú kàn án. Mo sọ ohun tí Wahab sọ. “Ẹni tẹ́ ẹ kọ̀ láti gbọ́ tirẹ̀ yẹn,” ni wọ́n wí, “òun ló bá mi ṣiṣẹ́ mi.” Wọ́n ní tí a kò bá lè dúró de àwọn, kí a kó ẹrù tó wúwo tó ogójì èèyàn sórí rẹ̀ ná, kí ẹnikẹ́ni má sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Mo ṣí ìwé ìpàdé. *Jẹ́rìí sí i.* Alàgbà kò sọ bẹ́ẹ̀. “Wọ́n ní ó dára” ni wọ́n sọ. Èmi ni mo fi “jẹ́rìí” sí i, torí pé ó dùn létí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi tọ́jú ìwé ìpàdé fún ìjọba ní Aláùsá, tí mo ń fi báírò pupa gé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn ẹlòmíràn. Tẹjú ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi báírò aláwọ̀ búlúù pa.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kọkànlá

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìgbìmọ̀. Tèmi ni mo kọ́kọ́ sọ.

“Ṣé mo purọ́ ni?” Mo-ti-bá-wọn-sọ̀rọ̀ ń lọgun. “Ṣé wọn ò ní ó dára ni?”

Wọ́n kúkú ní bẹ́ẹ̀. Ìyá Ìjọ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Àwọn nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Kíákíá ní ìwé ètò ìsìn ti jáde, a ti tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé *Orin Láti Òkè*. Adébísọ́lá, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀, tó ń ṣe omi inú ọ̀rá ní òpópónà ẹ̀yìn wa, ló tú wa sílẹ̀: òun yóò yá wa ní omi. Báàgì kan, kílò mẹ́wàá. Ogójì akọrin, kílò àádọ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Báàgì igba ó lé ọgọ́rin. Tí ó bá gbé e, kí wọ́n gòkè. Kíákíá gbà, ojú rẹ̀ le.

Tẹjú gbọ́. Ó ní kí n fi báàgì mẹ́wàá kún un nítorí àwọn ọkùnrin tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀, wọ́n ń jẹun. Ó ti ń bá mi sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kọkànlá

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ la bẹ̀rẹ̀. Ẹni méjì péré lókè, àwọn yòókù ń na báàgì sí wọn láti orí àtẹ̀gùn. Wahab fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ kọjá rẹ̀.

Ọgọ́rùn-ún báàgì: kò mira. Igba: kò mira. Igba ó lé ọgọ́rin, aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méjì: kò mira. Àwọn méjèèjì sọ̀ kalẹ̀. A dúró fún wákàtí kan. Kò mira.

“Halelúyà!” Kíákíá na ọwọ́ sókè. “Màmá Akọ̀wé, ẹ kọ ọ́!”

Mo kọ ọ́. Ohun tí mo rí nìyẹn. Mo-ti-bá-wọn-sọ̀rọ̀ ti ń bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀.

Wahab ń họ orí. “Omi dáa. Ṣùgbọ́n omi ò lè jó.”

“Kí lo wí?”

“Mo ní omi ò lè jó, Pásítọ̀. Mò ń gbọ́ yín láti ṣọ́ọ̀bù mi lọ́dọọdún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fẹsẹ̀ kilẹ̀ títí páànù òrùlé mi á fi máa gbọ̀n, ẹ̀yin náà lẹ fẹ́ jókòó jẹ́ẹ́ bí omi lọ́jọ́ ìkórè?”

Pùròfẹ́sọ̀ gan-an kò rántí ijó. Òkè òkun ni wọ́n ti sábà máa ń jọ́sìn, níbi tí àwọn èèyàn ti ń dúró jẹ́ẹ́ kọrin.

“Èmi á jó o fún ọ,” ni Kíákíá wí, ó bọ́ kóòtù. A bẹ̀ ẹ́. Tẹjú di apá rẹ̀ mú. Ó gòkè.

Ó dúró láàárín omi, ó gbé orin, ó sì jó. Ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n jó, kí n má purọ́. Ó fẹsẹ̀ kilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, òpó àárín ké — ohùn kúkúrú kan. Ojú ibi tí wọ́n ti jó o là, pákó tẹ̀ sílẹ̀ tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Báàgì méjìdínlógún yí wálẹ̀, wọ́n bẹ́. Omi dé ẹsẹ̀ pẹpẹ.

Orin dákẹ́. Kíákíá fi ìdí wọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo rí i tí kò kánjú.

Nígbà tó dé ilẹ̀, ó lọ bá Wahab. “Ẹ ṣeun,” ló wí. Ó fi *ẹ* pè é. Gbogbo wa gbọ́ ọ.

Tẹjú ṣì ń wo òkè. “Iwájú, àárín,” ló wí. “Ibẹ̀ ni wọ́n fi mí sí.” Ó di ọwọ́ mi mú, ó dùn mí, n kò fà á yọ.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kọkànlá

Ìkórè. Àwọn akọrin wà nílẹ̀. Kíákíá fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé àga wọn kúrò lẹ́yìn òpó wá síwájú. Mo rí eyín àbúrò mi, gbogbo rẹ̀.

Mo bẹ̀bẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, mo ka àtúnṣe sí etí ìjọ. Mo ní ohun tí mo kọ ní ọjọ́ karùn-ún, pé Pùròfẹ́sọ̀ jẹ́rìí, irọ́ ni. Wọn kò jẹ́rìí. Èmi ni mo kọ ọ́, ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i, kò sì sí ẹnì kan nínú àwa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tó fi ohunkóhun kan irin. Mo jókòó.

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni Kíákíá fi wàásù. Ó ní Ọlọ́run ló fún wa ní àwọn onímọ̀, kí a dúpẹ́, kí a sì bi wọ́n ní ìbéèrè. Pé ẹni tí a kò lè bi ní ìbéèrè, a ti sọ ọ́ di òrìṣà, òun alára kò sì bẹ̀ wá. Kò wàásù tó dára tó bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́ta.

Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Job, ọmọ ìjọ wa, dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ń kọ́lé alájà méjì sí Abúlé Ẹ̀gbá, ògiri ẹ̀yìn ti là, ẹni tó ń kọ́ ọ ní kò sí wàhálà. Ọkàn wọn kò balẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí èmi wá wò ó.

Mo ní, “Bàbá, ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo kà ní yunifásítì. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ilé.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n nàka sí mi. “Ìrẹ̀lẹ̀ yín yìí gan-an ni mo fẹ́.”

Mo fún wọn ní nọ́ńbà Wahab. Wọ́n gbà á, wọ́n ká a, wọ́n tì í bọ àpò láìwò ó.

“Ohun tẹ́ ẹ bá ṣáà ti sọ, Màmá, òun la máa ṣe.”

Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá, ni mọ́tò wọn ń bọ̀ wá gbé mi.