Géètì Tó Wà Láàárín Àwa àti Òkè-Òkun

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Karùn-ún, 2025
Wọ́n ti géètì. Àdúgbò tó wà lẹ́yìn wa níbí ní Baruwa ni — Òkè-Òkun lèmi ń pè é. Ogójì ìṣísẹ̀ péré, ṣùgbọ́n láti àárọ̀ yìí, físà nìkan ni wọn ò tíì máa bèèrè. Àgádágodo tó tó orí ọmọ ìkókó.

Miriam ni mò ń rò. Ọmọ ayálégbé mi, ọ̀pá méjì ló fi ń rìn. Ẹ̀yìn géètì yẹn gan-an ni ilé-ìwé tó ti máa ṣe ìdánwò àṣejáde wà, ọjọ́ kọkàndínlógún ló sì máa bẹ̀rẹ̀. Tí wọn ò bá ṣí i, ó di kó gba ọ̀nà Ayọ̀bọ̀ yípo, nínú ẹrẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ pàápàá ń sá fún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6
Ìpàdé onílé. Alága wa, Ọláṣùpọ̀ — Ajagunńlá ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé yìí — sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta. Mo wo aago. Ó ní wọ́n ti tẹ òmìnira àdúgbò mọ́lẹ̀. Ló bá nàka sí mi: "Tísà, ẹ̀yin lẹ fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ Ìjọba. Ẹ̀yin ni mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè wa!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn, kí n má parọ́ fún ìwé.

Mo tú nóòtì àtijọ́ jáde. Ohun tí ìjọba fi ń bá ilẹ̀ mìíràn lò: ìjíròrò, ìrànlọ́wọ́, ìpolongo, kíkọ̀ láti bá wọn ṣòwò. Ogun ló kẹ́yìn. Ó rọrùn lójú bọ́ọ̀dù kíláàsì.

Ọjọ́bọ̀, 8
Ìjíròrò. Lẹ́tà mi dùn bí oyin. Táyéwò, mégàádì wọn, tì í padà lábẹ́ géètì: alága àwọn, Ìjòyè Ṣóbọ̀wálé, ní òun kì í bá ẹni tí ò mọ ènìyàn sọ̀rọ̀.

Èmi? N ò mọ ènìyàn?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10
Ìrànlọ́wọ́. Òkúta típà kan fún kòtò wọn. Wọ́n gbà á. Wọ́n dí kòtò. Wọ́n dúpẹ́. Géètì ṣì wà ní títì.

Ọjọ́ Àìkú, 11
Ìpolongo. Ajagunńlá gbé pátákó kọ́: ÀDÚGBÒ ALÁÌLÁÀÁNÚ. Kí oòrùn tó wọ̀, tiwọn ti jáde: ẸNI TÍ Ò NÍWÀ, KÓ GBA Ọ̀NÀ ẸRẸ̀.

Tiwọn dáa ju tiwa lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13
A fòfin de búrẹ́dì Àdíját, torí Òkè-Òkun ló ti ń yan án. Ìyàwó Ajagunńlá ló kọ́kọ́ rú òfin. Èmi ni ìkejì. Ó gbóná ni.

Ọjọ́rú, 14
Miriam dán ọ̀nà ẹrẹ̀ wò. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Ó sá ìwé rẹ̀ sórí okùn aṣọ. "Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá, màá máa jí láago mẹ́rin ni."

Ọjọ́bọ̀, 15
Ogun. Ajagunńlá ti háyà wẹ́dà tó máa gé àgádágodo. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi fún mi di Àìkú. "Àìkú náà nìyẹn o, Mínísítà!"

Mo lọ ra búrẹ́dì láàárín irin géètì. Àdíját, kí la ṣe fún wọn gan-an? Ó wò mí bí ẹni ń wo olódo. "Háà, Bàbá. Ìyá Ìjòyè kú lóṣù Kẹta. Ẹnì kan ò wá kí wọn látọ̀dọ̀ yín. Alága yín fi àwòrán òdòdó ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Ẹ kú ọjọ́ ìbí ló wà lábẹ́ ẹ̀, jàre!"

Mo gbọ́ nípa ikú yẹn lóṣù Kẹta. Mo ní màá lọ lọ́la.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17
Ènìyàn mẹ́tàlélógún, láàárọ̀, gba ọ̀nà ẹrẹ̀ yípo lọ sílé Ìjòyè. Miriam ní dandan, òun ń bọ̀. A gbé e níbi tó jìn. Òfin kan ṣoṣo ni mo ṣe: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ géètì.

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Màmá, Ìjòyè. Ó pẹ́, ojú ń tì wá. Ajagunńlá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tòun ti agbádá funfun tó ti di aláwọ̀ méjì. Mo dárí ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta jì í.

Ìjòyè gbé fọ́tò ìyá rẹ̀ jáde. Ó sọ̀tàn, ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún. Ìgbà tó yá ló wo ẹsẹ̀ wa. Ó wo ọ̀pá Miriam, ẹrẹ̀ dé ìdajì.

"Ọ̀nà wo lẹ gbà wá?"

Mo ní, "Ọ̀nà Ayọ̀bọ̀ ni, Ìjòyè."

"Ọmọ yìí náà?... Táyéwò! Kọ́kọ́rọ́ dà?"

Mo gba ẹnu géètì padà sílé, mo ń ka ìṣísẹ̀. Méjìdínlógójì ni.

Ọjọ́ Ajé, 19
Ìjòyè fúnra rẹ̀ ló di géètì mú fún Miriam, tó dé fìlà bí ẹni ń gba àlejò ìjọba. Mo ṣe bí ẹni ń gbálẹ̀, kí wọ́n má baà rí ojú mi.

Ọjọ́rú, 21
Ajagunńlá ń sọ káàkiri pé ẹ̀rù wẹ́dà òun ló bà wọ́n. Kó máa sọ ọ́.

Ìdánwò Ìjọba lónìí. Wọ́n ní kí wọ́n dárúkọ ohun márùn-ún tí ìjọba fi ń bá ilẹ̀ mìíràn lò. Miriam kọ mẹ́fà. Èwo ni ìkẹfà? "Lílọ kí wọn nílé, sà. Òun ni mo kọ ṣìkíní."

Ẹni tó bá fẹ́ fagi lé e, kó gba ẹnu géètì wá bá mi. Ó ṣí sílẹ̀.