Odò Tí A Gbẹ́ De Ọkọ̀ Amalia

San Jacinto del Cerro,
ọ̀sẹ̀ kejì tí a ti olú-ìlú dé.

Amalia, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé ò ń rí oorun sùn? Àwa náà wà níbí, a ò sùn lébi, ìyá rẹ ń kí ọ, ìbaaka wa ń kí ọ, orúnkún mi nìkan ni kò kí ẹnikẹ́ni. Kí Ìyá wa ti Guadalupe, ìyá Olúwa, fi aṣọ rẹ̀ bò ọ́, kí ilẹ̀ ìlú ńlá yẹn má ṣe mì mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, kí ẹni tó bá ń dọdẹ iṣẹ́ rẹ ṣìnà lọ́jọ́ tó bá fẹ́ wá gbà á.

Ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì ìjọ gbé wa wá wo olú-ìlú, tí o ní àwọn àlejò ò jẹ́ kí o ráàyè wá bá wa, mi ò bínú. Ìyá rẹ ló sunkún díẹ̀, tèmi eruku ni. Ọdún kẹta rèé tí a ti fojú kàn ọ́ gbẹ̀yìn, a ṣì wà láàyè. Ẹni tó dà mí láàmú ni Odilón, bàbá ìsàmì rẹ, tó jókòó sẹ́yìn mi tó ń fi ìka gún mi léjìká láti ilé pé, Fidencio, irú iṣẹ́ wo gan-an ni ọmọ yìí ń ṣe tí kò lórúkọ? Mo ní iṣẹ́ àlejò ni, ó ń gbé wọn kiri. Ó ní ó ń fi kí ni gbé wọn? Mo ní kó jẹ búrẹ́dì rẹ̀ kó dákẹ́.

Wọ́n kọ́kọ́ gbé wa lọ síbi àwọn òkìtì òkúta gogoro tí gbogbo ayé ń sanwó wò. Àánú ṣe mí. Ilé tí kò ní òrùlé, kò ní fèrèsé, àtẹ̀gùn nìkan ni. Mo sọ fún gbogbo èrò pé mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: àwọn ọmọ onílé lọ sí Àríwá, lódìkejì ààlà, wọ́n ń fowó ránṣẹ́, ilé ń ga, wọ́n wá fẹ́yàwó lọ́hùn-ún, owó dá. Irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ládùúgbò wa. Ẹni tó ń mú wa kiri ní ó ti lé lẹ́gbẹ̀rún ọdún tí wọ́n ti kọ́ ọ. Mo ní ohun tí mo ń sọ nìyẹn, wọn ò tíì padà wá títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Láti ibẹ̀ a lọ kí Ìyá wa ti Guadalupe ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, níbi tí wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ kọ́. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni ìyá rẹ gbé lọ, pé kí o wálé fún ọdún Jacinto Mímọ́ tí ìlú wa ń ṣe. Àmọ́ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àwòrán náà ń rìn fúnra rẹ̀, tí o bá ti dúró lé e, ó ti ń gbé ọ lọ nìyẹn. Kí ìyá rẹ tó dé ibi tó ti máa dárúkọ rẹ, ilẹ̀ ti gbé e kọjá. Ó padà lọ, ó tún gbé e kọjá. Ló bá kọjú sódì, ó ń rìn, ilẹ̀ náà ń rìn, àwọn méjèèjì wá dúró sójú kan, bó ṣe parí àdúrà nìyẹn, tí àwọn èèyàn ń kọlù ú ní gbogbo àyíká.

Ọ̀sán ni a dé Xochimilco, níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ gbé àlejò kiri lórí omi. Amalia, ibẹ̀ ni àṣírí rẹ ti tú. Ọkọ̀ ojú omi aláwọ̀ oríṣiríṣi ló tò lọ bẹẹrẹ, mo sì rí i, AMALIA, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síwájú ọ̀kan, wọ́n fi òdòdó yí i ká, tábìlì gígùn wà láàárín. Mo di Odilón lápá mú, mo ní ìwọ tí ò ń bi mí pé ó ń fi kí ni gbé wọn, ṣé o mọ̀wé kà? Mo ní kí gbogbo bọ́ọ̀sì wọlé, ọkọ̀ ọmọ mi ni. Ẹni tó ń tukọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ owó. Mo ní èmi ni bàbá Amalia. Ó wò mí, ó wo tòlótòló tí a gbé dání fún ọ, ó ní ẹ káàbọ̀, Bàbá.

Bí a ṣe ń lọ, àwọn obìnrin ń gbé oúnjẹ wá bá wa nínú ọkọ̀ kéékèèké, àwọn olórin náà sún mọ́ wa, mo mọ̀ pé nítorí tìrẹ ni, mo sì jẹ́ kí wọ́n kọrin tẹ́ wọn lọ́rùn. Ìgbà tí wọ́n na fìlà, mo bọ gbogbo wọn lọ́wọ́, mo ní ẹ máa bá Amalia wá sọ́dún wa. A tún rí ọkọ̀ mìíràn tó ń jẹ́ Amalia, a tún rí òmíràn. Odilón ní Amalia mélòó lo bí? Mo ní òwò ló ń gbèrú. Àfi bí ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ LUPITA ṣe kọjá. O mọ̀ pé orúkọ ìyàwó Odilón tó kú lọ́dún tó kọjá nìyẹn. Ó ṣí akẹtẹ̀ rẹ̀. Òmíràn tún kọjá, ó tún ṣí i. Títí a fi gúnlẹ̀ ló ń kí wọn bẹ́ẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà. Tòlótòló rẹ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tukọ̀, ó ní òun á fún ọ. Ó sanra o, má gba èyí tó rù.

Bí a ṣe délé, mo sọ nípàdé ìlú pé o máa gbé ọkọ̀ náà wá sọ́dún. Wọ́n ní odò dà? Mo ní a máa gbẹ́ ẹ. Ni iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, láti ìsun omi ìsàlẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Fadá Anselmo ní ṣọ́ọ̀ṣì wà lókè, pé omi kì í gòkè. Mo ní wọ́n máa ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ yẹn ni, ẹni tó bá lè tì í síwájú lè tì í sókè. Àwòrán ọkọ̀ náà wà nínú fóònù ọmọ Odilón, mo ní kí wọ́n má gbé fóònù náà sóòrùn, kí omi inú àwòrán má gbẹ. Àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ ń jẹun, èmi ni mo pè wọ́n, nítorí náà fi owó ẹ̀wà àti ata ránṣẹ́, kí o fi ti bàtà tèmi náà sí i, amọ̀ ti gbé ẹsẹ̀ kan rẹ̀ mì.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, ó sì ń bí mi nínú. Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ pé tí ọkọ̀ bá ṣòro, kí o wọ bọ́ọ̀sì wá, a máa sọ fún ìlú pé ọkọ̀ náà rì lọ́nà. Odilón ní òun máa jẹ́rìí pé ojú òun ló ṣe rì. Kí ni ọkọ̀ ọmọ mi fi ṣe wọ́n? Mo lọ jókòó sétí ibi tí a gbẹ́ lánàá, mo rò ó títí ilẹ̀ fi ṣú. Amalia, tó bá jẹ́ ohun tó máa jẹ́ kí o wálé nìyẹn, jẹ́ kó rì.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Fidencio.